Nígbà tí síkáàn orí ikùn kò bá rí ìdí: ìbéèrè àwọn òbí Èkìtì lórí EUS fún ọmọdé

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ìlú mìíràn, ní yàrá tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá kámẹ́rà wo inú aláìsàn, kí n tó padà wá sílé sí Adó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní wọ́ọ̀dù. N kò jókòó ro àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹnu àwọn ìyá àti bàbá ni mo ti gbọ́ wọn, lórí bẹ́ǹṣì ìta wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ lẹ́tà mẹ́ta, E-U-S, sórí ìwé tó sì ti kọjá lọ. Wọ́n á yí sí mi: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

Kí ni EUS?

Síkáàn ni. Endoscopic ultrasound ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún náà ni, ibi tí ẹ̀rọ dúró sí ló yàtọ̀. Síkáàn tí gbogbo wa mọ̀, orí awọ ikùn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. EUS ń wò láti inú. Wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀, tó ṣe é tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, gba ẹnu ọmọ wọlé. Ọ̀pá náà á gba ọ̀nà ọ̀fun, á dé àpò ikùn, á sì dé ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà wà ní orí rẹ̀, ẹ̀rọ síkáàn kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ rí, tí ẹ sì kígbe, ẹ mọ̀ pé àpáta á dá ohùn yín padà. Gbohùngbohùn yẹn gan-an ni síkáàn ń lò. Ẹ̀rọ á rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde, ohùn náà á lọ kan ẹran ara, á padà wá, kọ̀ǹpútà á sì fi èyí tó padà ya àwòrán. Omi kì í dá ohùn padà, nítorí náà dúdú ló máa ń rí nínú àwòrán. Òkúta tó bá dì sínú ara ní tirẹ̀ á tàn funfun, òjìji dúdú á sì nà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn dúró síwájú àtùpà. Mo ti rí òkúta tí kò ju ìyẹ̀fun gàrí lọ lójú ẹ̀rọ yẹn. Òjìji ẹ̀yìn rẹ̀ ló tú u fó.

Ní 1980 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Jámánì kọ́kọ́ ròyìn irú ẹ̀rọ yìí fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé dé lẹ́yìn, ó sì ń gbèrú lọ. Kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe síkáàn fún ọmọ mi, owó ti lọ. Kí ló dé tí wọ́n tún ní ká ṣe òmíràn?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú aláìmọ̀kan wò yín nítorí pé ẹ bi í.

Síkáàn orí ikùn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé. Kò léwu, kò wọ́n tó ìyókù, ọmọ kò sì ní sùn kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ, òun nìkan tó. Òkúta tó bá wà nínú àpò òróǹro, ó máa ń rí i dáadáa. Àmọ́ ibi kan wà tí kì í ríran dé, ìyẹn ẹ̀yìn àpò ikùn àti ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróǹro, níbi tó ti ń wọ ìfun. Afẹ́fẹ́ inú ìfun ló ń dí i lójú. Ẹni tó bá ti rí Òkè Olósùnta ní àsìkò ọyẹ́, yóò yé e: òkè náà kò lọ síbì kan, kùrukùru ló bò ó. Tí ẹ̀rọ bá wà nínú àpò ikùn fúnra rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ló kù láàárín òun àti ohun tó fẹ́ wò.

Nítorí náà, tí ìwé síkáàn àkọ́kọ́ bá sọ pé "a kò rí páńkíríásì dáadáa", ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ti rí òbí tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúpẹ́ ní ilé ìjọsìn, tí ọmọ sì tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín oṣù kan.

Kí ni páńkíríásì yìí?

Ẹran rírọ̀ gbọọrọ kan ni, ó sùn ní ìbú lẹ́yìn àpò ikùn, ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ló ń ṣe oje tó ń da oúnjẹ nínú ìfun, pàápàá ọ̀rá, òun náà ló sì ń ṣe insulin tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ ló ń ṣe omi òróǹro, àpò òróǹro kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀nà tí omi òróǹro ń gbà àti ọ̀nà tí oje páńkíríásì ń gbà pàdé ní oríta kan kí wọ́n tó tú sínú ìfun.

Oríta yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Tí òkúta kékeré bá há síbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ló dí. Omi òróǹro á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ojú ọmọ á pọ́n. Oje páńkíríásì tó yẹ kó lọ da ẹran àti ẹ̀wà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé ara rẹ̀. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọ á ká orúnkún mọ́ àyà, á máa bì, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn òun.

Ojú ọmọ mi pọ́n. Ṣé kì í ṣe ibà pọ́njú lásán ni?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ibí ni a ti ń pàdánù àkókò jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ojú fi ń pọ́n bí ìyeyè. Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́ jù, bíi ti ọmọ SS tàbí ọmọ tí ibà ẹ̀fọn mú gan-an. Èkejì, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè máa ṣàìsàn, bí ìgbà tí kòkòrò hepatitis bá wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, omi òróǹro lè má rí ọ̀nà kọjá, nítorí pé nǹkan ti dí i. Orúkọ kan náà ni à ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò jọra rárá.

Ìgbẹ́ ọmọ ni kí ẹ wò. Omi òróǹro ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Tí kò bá dé inú ìfun mọ́, ìgbẹ́ á rí bí ẹ̀kọ tútù, nígbà mìíràn á funfun bí ẹfun. Ìtọ̀ á sì dúdú bíi kóòkì, nítorí ibẹ̀ ni àwọ̀ náà ń gbà jáde. Ara á máa yún ọmọ, tó bẹ́ẹ̀ tí á fi máa họra lójú oorun. Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ funfun pẹ̀lú ojú pípọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà sílé pẹ̀lú oògùn ibà.

Ọmọ ọdún 11 kan wà tí mo tọ́jú. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ ti fún un ní abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́rin. Nígbà tí a béèrè nípa ìgbẹ́, ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti ń funfun tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi mí." Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, inú mi sì ń bàjẹ́ títí di òní tí mo bá rántí. Òkúta ló wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróǹro.

Ọmọ tuntun ni tèmi, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ṣé EUS ló nílò?

Rárá. Ọmọ tuntun kò lè gba ọ̀pá náà, àìsàn tó sì ń bani lẹ́rù jù ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n fi ń wá a. Àmọ́ mo fi ìbéèrè yìí síbí nítorí pé kò lè dúró.

Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń pọ́n fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan sì máa ń nílò iná aláwọ̀ búlúù ní ilé ìwòsàn. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ àti fífún un ní omi glucose kì í ṣe ìtọ́jú. Tí ó bá ti lé ní ọjọ́ 14 tí ojú ṣì pọ́n, pàápàá tí ìgbẹ́ bá funfun, ẹ gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà òróǹro rẹ̀ ti dí láti inú oyún. Iṣẹ́ abẹ tí dókítà ará Japan kan, Morio Kasai, gbé jáde ló ń ṣí ọ̀nà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọrí jù tí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọjọ́ 60. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ dákun, nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ wo inú nápì.

Ọmọ mi jẹ́ SS. Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú òróǹro?

Púpọ̀. Nǹkan bíi ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 4 lára wa ló sì ń gbé AS. Kò sí àdúgbò kan ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé tí kò ní ọmọ SS.

Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó fọ́. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Àwọ̀ ìyeyè tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́, inú omi òróǹro ló ń dà sí. Tí ó bá pọ̀ jù, á dì, á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á di òkúta dúdú kéékèèké. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà ló ń wọ́pọ̀ sí i.

Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ara ń ro ọmọ SS tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń pọ́n díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí inú bá wá run ún, gbogbo ilé á ní "kíráísìsì náà ló dé." Ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ibi tó máa ń dùn ún náà ló ń dùn ún? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá? Tí ìdáhùn bá yàtọ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wo òróǹro. Síkáàn orí ikùn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀nà òróǹro bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ohun tó dí i, ibẹ̀ ni EUS ti wúlò jù. Ó lè rí òkúta tí kò tó mìlímítà 5, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn sábà máa ń fò.

Ẹ fi èyí kún un. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone, tí wọ́n ń lò púpọ̀ ní ilé ìwòsàn wa, lè dì pọ̀ mọ́ calcium nínú àpò òróǹro ọmọdé, kó sì jọ òkúta lójú síkáàn. Ó sábà máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá gbà á láìpẹ́, ẹ wí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Àwọn àìsàn wo ni wọ́n tún ń fi EUS wá lára ọmọdé?

Èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é jù ni páńkíríásì tó ń wú léraléra. Láti sọ pé páńkíríásì ló wú, dókítà ń wá méjì nínú nǹkan mẹ́ta: ìrora tó bá a mu, èròjà lipase tàbí amylase, tí páńkíríásì ń ṣe, tó ti di ìlọ́po mẹ́ta òpin iye tó yẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀, àti àwòrán tó fi wíwú náà hàn. Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọn kò gbọ́dọ̀ fi oògùn ìrora nìkan dá ọmọ lóhùn mọ́. Nǹkan kan ló ń fà á. Ó lè jẹ́ òkúta wínníwínní. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe bí i, tí ọ̀nà páńkíríásì pín sí méjì, tàbí tí òun àti ọ̀nà òróǹro pàdé níbi tí kò yẹ. Ó lè jẹ́ àjogúnbá. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara ọmọ ló ń bá páńkíríásì jà. Wọ́n sábà máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wíwú náà rọlẹ̀ kí wọ́n tó wò ó bóyá ó ti fi àpá sílẹ̀, nítorí ẹran tó ṣì wú máa ń pa irọ́ fún ẹ̀rọ.

Ọ̀nà òróǹro tó wú bí àpò láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ tún wà. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Iṣẹ́ abẹ ni òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tó mọ́ ló ń jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ mọ ibi tí yóò gé.

Aràn náà ń ṣe é. Aràn gígùn tí a mọ̀, tó ń gbé inú ìfun, lè rápálá wọ ọ̀nà òróǹro kó sì dí i. Lójú síkáàn, á nà gbọọrọ, kò ní ní òjìji bíi ti òkúta, nígbà mìíràn á sì máa mira.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àwọn òkè wa. Tí ọmọ bá ṣubú tí ìpẹ̀kun ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì gbá a nínú ikùn, ó lè fún páńkíríásì mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kó sì fà á ya. Awọ ìta lè má ní ju àpá róbótó kan lọ, ọmọ á sì fi pa mọ́ kí wọ́n má baà nà án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikùn á ga, kò ní lè jẹun yó, nítorí pé oje ti kóra jọ lẹ́yìn àpò ikùn. Tí ẹ bá rí àpá róbótó yẹn, ẹ má nà án. Ẹ bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ.

Kókó tàbí jẹjẹrẹ páńkíríásì ṣọ̀wọ́n gan-an lára ọmọdé. Ọ̀kan tí wọ́n máa ń rí lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, iṣẹ́ abẹ ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sàn.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí CT, MRCP àti ERCP?

CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara, máa ń yá, ó sì dára fún ọmọ tó fara pa, ṣùgbọ́n ìtànṣán wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fo ọ̀pọ̀ òkúta òróǹro. MRCP jẹ́ irú MRI kan (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán) tó ń ya ọ̀nà òróǹro àti ti páńkíríásì láìfi nǹkan kan bọ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ tó bá lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ láìmira nínú ihò ẹ̀rọ náà kò nílò oògùn oorun. Ní tèmi, tí MRCP bá wà nítòsí tí ó sì lè dáhùn ìbéèrè dókítà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

ERCP yàtọ̀ pátápátá. Ìtọ́jú ni. Wọ́n ń gba ẹnu wọ inú ọ̀nà òróǹro lọ láti yọ òkúta tàbí láti fi túùbù sí i, wọ́n ń lo X-ray, ó sì lè mú páńkíríásì wú. Iṣẹ́ rere kan tí EUS ń ṣe ni pé ó ń gba ọmọ tí kò ní òkúta lọ́wọ́ ERCP tí kò nílò.

Ṣé wọ́n á gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ láti inú?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Wíwò lásán ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá rí kókó tí wọn kò mọ irú rẹ̀, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ọ̀pá náà mú ẹran díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó ti gba àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Páńkíríásì tí àwọn ọmọ ogun ara ń bá jà lè wú, kó le, kó jọ jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn steroid ló ń wò ó.

Wọ́n tún lè fi í ṣe ìtọ́jú. Omi tó kóra jọ lẹ́yìn àpò ikùn bíi ti ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn, wọ́n lè lu ihò sí i láti inú àpò ikùn kí wọ́n sì fi túùbù kékeré sí i kó máa ṣàn sínú àpò ikùn. Wọ́n sábà máa ń dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ara àpò omi náà le dáadáa. Kò ní sí ojú ọgbẹ́ lórí ikùn.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè ṣe é?

Ìwọ̀n ara ni wọ́n ń wò ju ọjọ́ orí lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀pá yìí fún, orí wọn sì nípọn tó mìlímítà 12 sí 14, bí ìka àgbàlagbà. Ọmọ tó bá ti wọn kìlógíráàmù 15 sókè sábà máa ń gbà á. Fún èyí tó kéré sí i, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ lè lo ẹ̀rọ síkáàn tín-ín-rín tó ń gba inú ọ̀pá ọmọdé kọjá, tàbí ọ̀pá kékeré tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé ojú rẹ̀ á wà lójúfò?

Àgbàlagbà lè gba oògùn díẹ̀ kó máa tòògbé. Ọmọdé á sùn pátápátá, dókítà oògùn oorun á sì dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin, á máa wo èémí àti ọkàn rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn gan-an bóyá ó ti ń fún àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín ní oògùn oorun. Tí ọmọ bá ní ikọ́, ibà, eyín tó ń mì tàbí ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma), ẹ sọ. Tí ó bá jẹ́ SS, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, nítorí wọ́n ní láti fún un ní omi dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, kí wọ́n sì wo iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ jẹun kẹ́yìn?

Oúnjẹ tó wúwo tàbí tó lọ́ràá, wákàtí 8 ṣáájú. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí mílíìkì inú agolo, wákàtí 6. Wàrà ọmú, wákàtí 4. Omi lásán, wákàtí 2. Tí ilé ìwòsàn bá fún yín ní wákàtí tó yàtọ̀, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Mo mọ ibi tí mo ń gbé, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba: iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ọmọ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bàbá kan gbé kúlà wá ní aago márùn-ún ìdájí, iyán gbígbóná, nítorí pé "ọmọ kò lè fi inú òfìfo kojú irú nǹkan báyìí." Ọmọ ti jẹ òkèlè mẹ́ta kí a tó rí wọn. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n sún àyẹ̀wò náà síwájú ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ọmọ bá sùn pẹ̀lú oúnjẹ nínú, oúnjẹ lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á.

Kí ni ewu rẹ̀?

Ọ̀fun á máa dùn ún fún ọjọ́ kan. Ìyẹn wọ́pọ̀. Ewu tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí ọ̀pá lu àpò ikùn tàbí ìfun, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò lè wọlé, páńkíríásì náà sì lè wú. Lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, wíwú yẹn ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ènìyàn 1 sí 2 nínú 100 tí wọ́n gún ní páńkíríásì. Ọwọ́ tó ti ṣe é léraléra ló ń dín ewu kù. Nítorí náà, kì í ṣe àfojúdi láti bèèrè iye ọmọdé tí dókítà ti ṣe é fún. Tí ó bá jẹ́ dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ló mọ̀ ọ́n ṣe, tí dókítà ọmọdé àti dókítà oògùn oorun sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí aburú nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé.

Láti Èkìtì, níbo ni kí n gbà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó ní dókítà ọmọdé, síkáàn orí ikùn àti yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní láti kọjá ibẹ̀. EUS fún ọmọdé kì í ṣe ohun tí ẹ ó bá ní gbogbo ilé ìwòsàn, kódà àwọn tó tóbi. Dókítà yín ló máa kọ lẹ́tà sí dókítà tó ń ṣe é, ní ìlú mìíràn ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ má tíì wọ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín pè wọ́n lórí fóònù, kí ó sọ ìwọ̀n ara ọmọ, kí ó sì bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti rí ìdílé tó kúrò ní Ọ̀mùò ní òru, tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n sì gbọ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ẹ kó gbogbo ìwé dání, títí kan fíìmù CT àti fọ́tò ìgbẹ́ ọmọ lórí fóònù yín. Ẹ má tijú fọ́tò yẹn.

Owó ńkọ́?

Ó wọ́n, nítorí pé owó oògùn oorun àti ti bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó àyẹ̀wò ẹran wà nínú rẹ̀. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò kan. Tí ọmọ yín bá wà lábẹ́ ọ̀kan, ẹ gba ìwé àṣẹ wọn kí ẹ tó kúrò ní Èkìtì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán, ó ṣòro kí wọ́n dá a padà.

Ìbéèrè kan tún wà tó lè gba owó yín là: "Dókítà, tí èsì bá jẹ́ báyìí, kí lẹ ó ṣe? Tí ó bá sì jẹ́ òdì kejì ńkọ́?" Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ jọ sọ̀rọ̀ sí i kí ẹ tó lọ.

Ìyá mi ti ń fún un ní àgbo. Ṣé kí n sọ?

Ẹ sọ, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. N kò ní bú ìyá yín, nítorí pé àgbo ni ìyá tèmi náà fi tọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ tí omi òróǹro ti kún kò lè gbé ẹrù mìíràn, kò sì sí ewé tó lè ti òkúta kúrò ní oríta yẹn. Ẹ dá a dúró títí wọ́n á fi mọ ohun tó dí ọ̀nà.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, kí ni kí n máa ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́, ẹ sun ìlú yẹn mọ́jú, ẹ má fi alẹ́ rìn padà sí Èkìtì. Tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run ún gan-an, tí ó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ibà dé, tí ó bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ padà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ, wọ́n á sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Èsì ẹran tí wọ́n mú ló ń pẹ́.

Kí ni kí n sọ fún ọmọ fúnra rẹ̀?

Òtítọ́, ní ìwọ̀n tó lè gbé. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún pé wọ́n á ki ejò bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó di eyín pọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo gbé ọ̀pá náà wá, mo jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó fi wé ìka mi, kó wo iná orí rẹ̀. Ó bi mí bóyá a máa rí ẹja tí òun jẹ ní àná. Mo ní rárá, ó ti dà tán. Ó tún bi mí bóyá màmá òun á wà níbẹ̀ tí òun bá jí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì jáde lọ rí i dájú pé màmá rẹ̀ kò ní lọ ra nǹkan kan ní ìta. Dókítà oògùn oorun ní kó máa ka ení, èjì. Ó kà á dé àrún.